Ẹ Bi Oníṣirò: "Èwo ni bàbá mi nínú gbogbo nọ́ńbà yìí?"

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí lórí jẹjẹrẹ inú pánkíríásì pọ̀ gan-an, ó sì jọ pé ọ̀rọ̀ nọ́ńbà ló ń da gbogbo wa láàmù: oṣù mélòó ló kù, mélòó nínú 100, ta ni ewu ẹ̀ pọ̀ fún jù. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn. Èmi ni mo máa ń jókòó ti fáìlì àwọn aláìsàn jẹjẹrẹ, tí mo máa ń kó ọjọ́ tí wọ́n wọlé àti ọjọ́ tí a gbúròó wọn kẹ́yìn sínú kọ̀ǹpútà, torí náà mo mú lẹ́tà méje, mo fẹ́ dáhùn wọn bí mo ṣe máa dá ẹni tó jókòó síwájú mi lóhùn.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, pánkíríásì ni ẹ̀yà ara gbọọrọ kan tó sùn sẹ́yìn àpòlúkù, òun ló ń ṣe omi tó ń jẹ́ kí oúnjẹ dà nínú, òun náà ló ń ṣe insulin tó ń ká ṣúgà ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ kò. Ibi tó sápamọ́ sí yẹn gan-an ni wàhálà ẹ̀, jẹjẹrẹ lè ti wà níbẹ̀ tipẹ́ kí ara tó sọ̀rọ̀. Lọ́dún 2022, àwọn tí wọ́n rí i lára wọn káàkiri ayé lé ní 510,000, àwọn tó pa lọ́dún yẹn kan náà sì tó 467,000. Ẹ wo bí nọ́ńbà méjèèjì ṣe sún mọ́ra.

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Wọ́n ṣe skáànì fún bàbá mi, ẹni ọdún 67, wọ́n ní jẹjẹrẹ pánkíríásì ni, pé ó ti dé ẹ̀dọ̀. Dókítà ní "oṣù díẹ̀ ni", kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó bá tiẹ̀ lọ. Mo wá lọ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo rí 13 nínú 100 fún ọdún márùn-ún, mo tún rí 3, mo tún rí 44. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ká má náwó mọ́, pé ó ti parí. Èwo ni bàbá mi nínú gbogbo nọ́ńbà yìí? — Àbígbẹ̀yìn Bàbá, Abẹ́òkúta

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á bá wa tọ́jú bàbá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó wúwo, kó má di pé mò ń fi ọ̀rọ̀ dídùn bò yín lójú: tó bá ti dé ẹ̀dọ̀, àrùn yìí le gan-an ni.

Amẹ́ríkà ni àwọn nọ́ńbà tí ẹ rí yẹn ti wá, American Cancer Society, ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti jẹjẹrẹ níbẹ̀, ló ń gbé wọn jáde. Ohun tí wọ́n ń sọ ni iye àwọn tó ṣì wà láàyè nínú 100 lẹ́yìn ọdún márùn-ún tí wọ́n ti rí àìsàn lára wọn. 13 yẹn, ti gbogbo aláìsàn pa pọ̀ ni. 44 ni ti àwọn tí wọ́n rí tiwọn nígbà tó ṣì wà nínú pánkíríásì nìkan. Tó bá ti ràn dé ìtòsí ó ń lọ sí nǹkan bíi 16, tó bá sì ti dé ọ̀nà jíjìn, bíi ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró, 3 ni. Torí náà 13 yẹn kì í ṣe nọ́ńbà ẹnì kankan, àdàpọ̀ ni, bí ìgbà tí èèyàn bá da gààrí Ìjẹ̀bú pọ̀ mọ́ gààrí lẹ́búlẹ́bú tó wá ń béèrè bó ṣe kan sí lẹ́nu. Ẹgbẹ́ tí bàbá wà ni ẹgbẹ́ 3 nínú 100. Ó dun mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ bi mí.

Ní báyìí, ẹ wo nǹkan méjì sí i. Àkọ́kọ́, ẹ̀yìn ni ìṣirò yìí ń wò. Àwọn tí wọ́n kà kí wọ́n tó rí nọ́ńbà ọdún márùn-ún yẹn, ó ti lé lọ́dún márùn-ún tí wọ́n ti rí àìsàn lára wọn, oògùn ìgbà yẹn ni wọ́n lò. Láàárín ọdún 1970 sí 1979, gbogbo wọn pa pọ̀, 3 péré ni níbi tí 13 wà lónìí. Ìkejì, "oṣù díẹ̀" tí dókítà sọ, ìṣirò kan wà nídìí ẹ̀, ìṣirò àárín ni. Lọ́dún 2011 àwọn ará Faransé gbé ìwádìí kan jáde, aláìsàn 342 tí tiwọn ti ràn kiri bíi ti bàbá, wọ́n fún ìdajì ní oògùn ẹyọ kan tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀, wọ́n fún ìdajì tó kù ní àpapọ̀ oògùn mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní FOLFIRINOX. Ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ rí oṣù 6.8, ẹgbẹ́ kejì rí oṣù 11.1. Kí ni 11.1 yẹn? Ẹ to gbogbo wọn sórí ìlà kan, látorí ẹni tó kọ́kọ́ lọ dé orí ẹni tó pẹ́ jù, ẹni tó dúró láàárín gbùngbùn ni 11.1 wà lára ẹ̀. Ìdajì ti lọ kí ó tó dé ibẹ̀, ìdajì kọjá ibẹ̀, àwọn mìíì sì kọjá ẹ̀ jìnnà. Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ibí ni bàbá yín wà lórí ìlà yẹn.

Àmọ́ o, kí n má tàn yín, àwọn tí wọ́n mú wọnú ìwádìí yẹn ṣì lágbára, wọ́n ń rìn, wọ́n ń wẹ̀ fúnra wọn, ìlànà ìwádìí náà ò sì gba ẹni tó lé ní ọdún 75. Oògùn mẹ́rin yẹn le lára. Torí náà ẹ padà lọ bá dókítà, ẹ má bi í pé oṣù mélòó, ẹ bi í pé: ṣé agbára bàbá gba kẹ́mò, ìyẹn oògùn líle tó ń pa jẹjẹrẹ, kí ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sọ nípa ẹ̀dọ̀ wọn, tí ojú wọn bá ti ń di yẹ́lò ṣé a lè fi ọ̀pá kékeré la ọ̀nà òróòro kó lè máa ṣàn, kí sì ni a máa lò fún ìrora. Ní ti ẹ̀gbọ́n yín, ẹ bá mi kí wọn, ẹ ní mo ní owó tí ẹ bá ná kí bàbá lè sùn mọ́jú láìké, kí wọ́n lè jẹ àmàlà díẹ̀ kó sì dúró sínú, owó yẹn ò ṣòfò rárá. UCH Ìbàdàn ní ẹ̀ka tó jẹ́ pé ìtọ́jú ìrora gan-an ni iṣẹ́ wọn, ẹ béèrè fún un.

Ẹ káàsán ma. Mò ń ṣe project master's mi lórí bí aláìsàn jẹjẹrẹ pánkíríásì ṣe ń pẹ́ sí láyé àti ohun tó ń fa ewu ẹ̀. Fáìlì 84 ni mo rí. A mọ̀ pé 41 ti kú, 12 ṣì ń wá sí clinic, 31 tó kù, kò sẹ́ni tó gbúròó wọn. Súpáfáísọ̀ mi ní kí n yọ 31 yẹn sọnù, kí n ṣe ìṣirò méjì tí wọ́n ń pè ní Kaplan-Meier àti Cox, kí n wá fi hàn bóyá sìgá àti ṣúgà ló fa àìsàn náà. Ṣé ó tọ́ bẹ́ẹ̀? — Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti sú, Ìlọrin

Àbúrò mi, má jẹ́ kó sú ọ, ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù lóṣù yìí, jẹ́ kí n fara balẹ̀ sí i.

Má yọ wọ́n sọnù. Mo bẹ̀ ọ́. Kó ọmọ ayò 10 jáde kí n fi hàn ọ́ ìdí ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni aláìsàn kan. Oṣù kejì ẹnì kan kú, ó ku 9 nínú 10, kọ 90 nínú 100 sílẹ̀. Oṣù kẹta ẹlòmíì kú, 8 ló kù nínú 9, fi ìyẹn sọ 90 di púpọ̀, ó di 80. Oṣù kẹrin ẹnì kan ò wá mọ́, fóònù ẹ̀ ò lọ. A ò ní sọ pé ó kú, a ò ní sọ pé ó wà, a kàn máa rọra mú ọmọ ayò ẹ̀ kúrò lórí ọpọ́n, nọ́ńbà ò yí padà, 80 náà ni, ṣùgbọ́n àwọn tí à ń wò ku 7. Oṣù kẹfà ẹnì kan kú, 6 nínú 7, 80 di 68.6. Oṣù keje, ẹnì kan tó pẹ́ wọlé, ìwádìí parí lé e lórí nígbà tó ṣì wà láàyè, mú tiẹ̀ náà kúrò, ó ku 5. Oṣù kẹsàn-án ẹnì kan kú, 4 nínú 5, ó di 54.9. Oṣù kọkànlá ẹnì kan kú, 3 nínú 4, ó di 41.1. Àwọn mẹ́ta tó kù kọjá ọdún kan.

Tó o bá yà á sórí ìwé, àtẹ̀gùn ni wàá rí, ó ń sọ̀kalẹ̀ níbi tí ikú bá ti ṣẹlẹ̀, ó ń lọ gbalaja níbi tí kò bá sí ikú. Kaplan-Meier nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó wà láàyè lópin ọdún kan jẹ́ 41 nínú 100. Tó o bá yọ àwọn méjì tó pòórá sọnù bí súpáfáísọ̀ ẹ ṣe ní kó o ṣe, 3 nínú 8 ni, ó di 37.5. Tó o bá kà wọ́n mọ́ òkú, 30. Tó o bá kà wọ́n mọ́ alààyè, 50. Ọmọ ayò kan náà, ìdáhùn mẹ́rin! Méjì péré ló sì pòórá nínú 10 níbí o, tìrẹ 31 ni nínú 84.

Edward Kaplan àti Paul Meier ló kọ ọ́ jáde lọ́dún 1958. Wọn ò jọ bẹ̀rẹ̀, oníkálukú ń ṣe tiẹ̀ ni. Kaplan ń ṣiṣẹ́ lórí bí àwọn túùbù tó ń gbé ohùn fóònù gba abẹ́ òkun ṣe ń pẹ́ sí kí wọ́n tó bàjẹ́, Meier ní tiẹ̀ ń wo àwọn aláìsàn. Àwọn méjèèjì fi ìwé ránṣẹ́ sí jọ́nà kan náà, olóòtú ní kí wọ́n pa á pọ̀, ó sì gbà wọ́n lọ́dún díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ wọn tó wọ̀. Mo máa ń ronú nípa ẹ̀, pé ẹni tó ń ka túùbù abẹ́ òkun àti ẹni tó ń ka aláìsàn rí i pé ìṣòro kan náà làwọn ní: a ò lè dúró kí gbogbo ẹ̀ tán ká tó kà.

Ohun kan wà tí ọpọ́n ayò ò lè tún ṣe fún ọ. Ìṣirò yìí gbà pé ẹni tó pòórá ò yàtọ̀ sí ẹni tó kù. Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Mo rántí fáìlì kan, a ti kọ "kò wá mọ́" sí i, mo pe nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́jọ́ mẹ́rin, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ní ìkarùn-ún ọmọ ẹ̀ gbé e, ó ní bàbá ti kú láti ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n kúrò lọ́dọ̀ wa, owó kẹ́mò ni wọn ò rí. Àwọn tó ń pòórá lọ́dọ̀ tiwa, owó ti tán lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn, tàbí kí ara ti kọ̀ jálẹ̀. Tó o bá kà wọ́n bí ẹni tó kàn kó lọ sí ìlú mìíì, àtẹ̀gùn ẹ á ga ju bó ṣe yẹ lọ, wàá máa parọ́ láìmọ̀. Torí náà kó nọ́ńbà 31 yẹn jáde, gba ìyọ̀ǹda àwọn ìgbìmọ̀ ethics tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ aláìsàn nínú ìwádìí, kó o sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè. Kódà tó o bá rí 15 nínú wọn, iṣẹ́ ẹ ti yàtọ̀. Àwọn tó kù, ṣe ìṣirò ẹ lẹ́ẹ̀mejì, ká ní gbogbo wọn kú lọ́jọ́ tí wọ́n pòórá, ká ní gbogbo wọn pẹ́ dé òpin ìwádìí, kó o fi méjèèjì han àwọn tó máa kà á.

Ó wá kan Cox. David Cox, ará Gẹ̀ẹ́sì, ló gbé e jáde lọ́dún 1972. Ohun tó ń bèèrè ni pé láàárín àwọn tó ṣì wà láàyè lójú ẹsẹ̀ yìí, ìgbà mélòó ni ikú fi ń yára mú irú èèyàn kan ju irú kejì lọ. Ìyẹn ni hazard ratio. Tó bá jẹ́ 1, kò sí ìyàtọ̀, tó bá jẹ́ 2, ìlọ́po méjì ni, tó bá jẹ́ 0.64 bíi ti ìwádìí ọdún 2018 kan tí àwọn ará Faransé àti Kánádà ṣe fún àwọn tó ti ṣe iṣẹ́ abẹ, tí wọ́n fi irú FOLFIRINOX kan wé oògùn ẹyọ kan, á jẹ́ pé níbi tí ikú ti ń mú 100 lápá ọ̀hún, 64 ló ń mú lápá ìhín. (Oṣù 54.4 sí oṣù 35 ni ìyẹn já sí, ó dùn mọ́ mi nínú nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á.) Ṣùgbọ́n Cox gbà pé ìlọ́po yẹn ò yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀tàn wà níbẹ̀ o. Iṣẹ́ abẹ ńlá lè pa àwọn kan lóṣù àkọ́kọ́ kó sì gba àwọn tó kù là lẹ́yìn ìyẹn, tí àtẹ̀gùn ẹgbẹ́ méjèèjì bá ti gba orí ara wọn kọjá, nọ́ńbà ẹyọ kan ò lè sọ ìtàn náà. Kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun mìíì, ikú ni kó o kà, má ka aláìsàn: o ní ikú 41, má ju nǹkan bíi mẹ́rin lọ sínú ẹ̀. Bí àìsàn ṣe ràn tó, bí agbára aláìsàn ṣe tó, ọjọ́ orí, bóyá wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ. Má kó ogún nǹkan sínú ìkòkò kan kó o wá máa ṣa èyí tí kọ̀ǹpútà fi ìràwọ̀ sí lára pé ó já mọ́ nǹkan.

Èyí tó kẹ́yìn, ó sì ṣe pàtàkì jù: nínú fáìlì 84 yẹn, o ò lè mọ̀ bóyá sìgá ló FA àìsàn náà. Gbogbo wọn ló ti ní in! O ò ní ẹnì kankan tí kò ní in tí o máa fi wọ́n wé. Ohun tó ń jẹ́ kí èèyàn ní àìsàn yàtọ̀ sí ohun tó ń jẹ́ kí ẹni tó ti ní in tètè kú. Sìgá ń sọ ewu àtiní in di nǹkan bí ìlọ́po méjì, a mọ ìyẹn torí pé wọ́n tẹ̀ lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tí ara wọn dá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Fáìlì tìrẹ lè sọ ti ìkejì nìkan. Fi ọ̀wọ̀ bá súpáfáísọ̀ ẹ sọ ọ́, yí àkọlé project náà padà.

Ẹ kú iṣẹ́. Télọ̀ ni mí l'Óṣogbo, mo ti pé ọdún 58. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn wọ́n ní mo ní ṣúgà, n kò ní in rí, kò sí nínú ìdílé wa. Mo tún ń rù, mo ti fún ìdí ṣòkòtò ara mi lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rẹ́ mi kan ní òun kà á pé ṣúgà òjijì àmì jẹjẹrẹ pánkíríásì ni. Oorun ò kun ojú mi mọ́. — Bàbá Télọ̀

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ kú àìsùn. Ọ̀rẹ́ yín ò parọ́, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ. Àwọn oníwádìí ní Rochester, ní ìpínlẹ̀ Minnesota l'Amẹ́ríkà, tẹ̀ lé àwọn 2,122 tó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ṣúgà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, 18 nínú wọn ló ní jẹjẹrẹ pánkíríásì. 18 péré nínú 2,122, kò tó ẹnì kan nínú 100. Àwọn 2,104 tó kù, ṣúgà lásán ni ṣúgà wọn. Ọdún 2005 nìyẹn jáde.

Ó wá ku bí wọ́n ṣe máa mọ àwọn 18 yẹn láàárín èrò. Lọ́dún 2018 àwọn oníwádìí kan gbé ìṣirò kan jáde tí wọ́n pè ní ENDPAC, nǹkan mẹ́ta péré ló ń wò: ọjọ́ orí, bí ṣúgà ṣe fò sókè tó láàárín ọdún kan, àti bí èèyàn ṣe rù tàbí sanra sí láàárín ọdún yẹn. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ fún yín nìyí: ṣúgà tó wọ́pọ̀, ẹni tó ń sanra ló sábà máa ń mú. Ẹni tí ṣúgà ń gòkè lára ẹ̀ tó tún ń rù láì gbààwẹ̀, láì sá eré, ìyẹn ló ń jẹ́ kí máàkì ga. Nínú àwọn tí máàkì wọn dé 3 sókè, nǹkan bíi 3.6 nínú 100 ló ní in láàárín ọdún mẹ́ta. Ìyẹn ju ti gbogbo èèyàn lọ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ kà á láti òdìkejì: 96 nínú 100 ò ní in.

Torí náà, ṣòkòtò tí ẹ fún lẹ́ẹ̀mejì yẹn, òun ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ bá dókítà. Mi ò ṣàwàdà o. Aláìsàn wa kì í mọ kílò ara ẹ̀, ẹ̀yin ní ẹ̀rí, télọ̀ mọ ìwọ̀n ìdí ẹ̀ ti ọdún tó kọjá. Ẹ sọ íńṣì tó dín kù, ẹ sọ oṣù tó bẹ̀rẹ̀, ẹ béèrè bóyá ó yẹ kí wọ́n ṣe CT skáànì ikùn fún yín. Tí ìtọ̀ yín bá dúdú bíi kóòkì, tí ìgbẹ́ ń funfun, tí ara ń yún yín, tí ojú ń di yẹ́lò, tàbí tí inú ń run yín wọ ẹ̀yìn lóru, ẹ má dúró de ọjọ́ àpọ́intìmẹ́ǹtì. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ CA 19-9, ohun kan tó sábà máa ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní jẹjẹrẹ yìí, nìkan fi yín lọ́kàn balẹ̀, àwọn kan wà tí ara wọn kì í ṣe ohun náà rárá nítorí irú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bí wọn mọ́, ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú ju òyìnbó lọ.

Blood group B ni mí. Mo rí i pé ewu wa fi nǹkan bíi 72 nínú 100 ju ti ẹni O lọ. Ṣé mo ti gbé nìyẹn? — Ìdòwú, Ìkòròdú

Rárá o. Òótọ́ ni nọ́ńbà yẹn, inú ìwádìí ọdún 2009 kan l'Amẹ́ríkà ló ti wá, wọ́n tẹ̀ lé èèyàn tó lé ní 100,000. Ṣùgbọ́n ẹ bèèrè pé 72 nínú 100 ti kí ni? Nínú 100,000 ẹni O, nǹkan bíi 27 ló ń ní in lọ́dún. Nínú 100,000 ẹni B, 46. Ìyàtọ̀ èèyàn 19 nínú 100,000 ni "72" ń pariwo lé lórí. Ẹ ò lè pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ yín. Tí ẹ bá ń mu sìgá, ẹ lè jáwọ́ níbẹ̀, ewu tiẹ̀ á sì máa wálẹ̀ lọ́dọọdún tí ẹ bá ti jáwọ́.

Àǹtí mi, Steve Jobs, ọ̀kan lára àwọn tó dá ilé iṣẹ́ Apple sílẹ̀, ní jẹjẹrẹ pánkíríásì ó sì lo ọdún mẹ́jọ, kí ló dé tí wọ́n ní oṣù díẹ̀ fún àwa? Ṣé torí owó ni? — Ọmọ Peckham, London

Owó wà níbẹ̀ o, mi ò ní sọ pé kò sí. Ṣùgbọ́n tiẹ̀ kì í ṣe irú kan náà. Ó lé ní 9 nínú 10 jẹjẹrẹ pánkíríásì tó jẹ́ adenocarcinoma, láti ara ọ̀pá tí omi oúnjẹ ń gbà. Ti Jobs, tí wọ́n rí lọ́dún 2003, neuroendocrine ni, ara àwọn tó ń ṣe hòmóònù ló ti bẹ̀rẹ̀, ó máa ń rọra rìn. Ọdún 2011 ló kú. Àtẹ̀gùn ti àwọn méjèèjì yàtọ̀ síra pátápátá, ẹni tó bá dà wọ́n pọ̀ sínú ìṣirò kan á kàn rí nọ́ńbà tó dùn tí kò sì jẹ́ ti ẹnikẹ́ni. Tí wọ́n bá sọ jẹjẹrẹ pánkíríásì fún yín, ẹ bèèrè pé irú wo ni bíọ́psì, ìyẹn àyẹ̀wò ẹran ara tí wọ́n gé níbẹ̀, sọ.

Ìyá kan ń ta àgbo jẹjẹrẹ ládùúgbò wa. Ó ní àwọn tó mu ún fún oṣù mẹ́fà pé, kò sí èyí tó kú láàárín oṣù mẹ́fà yẹn, àwọn tí kò mu ún ló ń kú. Ó ní kí n bi oníṣirò. — Mọ́ríámọ̀, Ẹdẹ

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá náà tó ní kí ẹ bi mí, mi ò sì fẹ́ bú àgbo o, inú ewé ni ọ̀pọ̀ oògùn ti wá. Ìṣirò yẹn ni mo fẹ́ ká jọ wò. Ta ló lè mu àgbo fún oṣù mẹ́fà pé? Ẹni tó wà láàyè fún oṣù mẹ́fà! Ẹni tó kú lóṣù kejì, ìgò méjì péré ló mu, wọn ò ní kà á mọ́ àwọn "tó mu ún pé", ẹgbẹ́ kejì ni wọ́n máa jù ú sí. Tí wọ́n bá fún wọn ní omi tútù nínú ìgò yẹn, èsì kan náà ló máa jáde.

Kì í ṣe alágbo nìkan ló ń ṣubú síbẹ̀. Ní Stanford, ní California, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ ọkàn fún èèyàn, ó dà bíi pé àwọn tí wọ́n pààrọ̀ tiwọn pẹ́ láyé ju àwọn tí wọn ò pààrọ̀ tiwọn lọ fíìfíì. Lọ́dún 1972 oníṣirò kan, Mitchell Gail, ní ẹ dúró ná, ẹni tó bá máa rí ọkàn tuntun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà láàyè títí wọ́n á fi rí ọkàn náà, àwọn tó kú lórí ìlà ni ẹ kó sí ẹgbẹ́ kejì yẹn. Àwọn ọ̀mọ̀wé ni wọ́n o! Mo ṣì ń rí irú ẹ̀ nínú ìwé lórí kẹ́mò títí dòní. Tí ìyá bá fẹ́ mọ òótọ́, kó kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá ra ìgò àkọ́kọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n rà á, kó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ láti ọjọ́ yẹn, kó má yọ ẹnì kankan. Títí dìgbà náà, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má tìtorí ìgò yẹn fi clinic sílẹ̀, ẹ sì sọ fún dókítà tí ẹ bá ń mu ún, torí ẹ̀dọ̀ kan náà ló máa gbé méjèèjì.

Ìyá mi dolóògbé lọ́dún tó kọjá, àìsàn yìí náà ni. Nọ́ńbà ọsibítù ń pè mí ṣáá, ó ti tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, mi ò gbé e. Kí ni wọ́n tún fẹ́ lọ́wọ́ mi? — Ọmọ Ìyá Aláṣọ, Ìbàdàn

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè ìyá, ẹ̀yìn ìyá á dára. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ mi ló ń pè yín. Ohun tí wọ́n fẹ́ ò ju ìlà kan lọ: ọjọ́ wo ni. Wọn ò ní bèèrè owó, wọn ò ní bèèrè nọ́ńbà báńkì, tí ẹnikẹ́ni bá bèèrè ìyẹn ẹ pa fóònù, olè ni. Bí ẹ bá ṣiyèméjì, ẹ rìn lọ sí ẹ̀ka rẹ́kọ́ọ̀dù fúnra yín. Láti ọdún 1960 ni wọ́n ti ń ṣe àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ ní Ìbàdàn yín níbẹ̀, irú ìlà kan báyìí, ìlà kan báyìí, ni wọ́n fi kọ ọ́.

Ẹ rántí ọpọ́n ayò tí mo tẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ Ìlọrin lókè. Ní báyìí, ìyá yín wà lára àwọn tí wọ́n rọra mú kúrò lórí ọpọ́n, bí ẹni pé wọ́n kó lọ sí ìlú mìíì. Tí ẹ bá sọ ọjọ́ náà, wọ́n á dá ọmọ ayò wọn padà síbi tó yẹ kó wà, oṣù tí wọ́n lò á wà nínú ohun tí dókítà máa fi dá ọmọ ẹlòmíì lóhùn.

Tí ẹkún bá sì gbọ̀n yín lórí fóònù, ẹ sun ún, a máa ń dúró. Mo dúró rí fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ọmọkùnrin kan tó lè sọ̀rọ̀. Ó ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ni. Mo kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, mo kí i.